Mìlímítà 0.2 ló wà láàárín ọkọ̀ mi àti ti Piquet

Ẹnu àbúrò mi obìnrin mú. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gbé e, kò tíì jókòó tán tó fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín yìí ń payín keke bí ẹni tí òtútù mú."

Kò parọ́. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá sùn mọ́jú, tí mo bá sítáátì rẹ̀ láàárọ̀, kẹ-kẹ-kẹ-kẹ ni ẹ ó máa gbọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àfi bí ẹni tó ń tẹ̀wé lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé àtijọ́. BMW 318i ti ọdún 1985 ni. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ni ín, ó wá kàn mí. Sìlíńdà mẹ́rin, 1,766 cc, agbára ẹṣin 105. Bí mo bá fẹ́ ya ọkọ̀ ẹrù kan sílẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò ó dáadáa, kí n sọ ọ́ sí jíà kẹta, kí n tún wo iwájú lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ̀ ti àbúrò mi ń yọ́ lọ bí ológbò ni ní tirẹ̀. Ẹ kò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé wọ́n ti tan án.

Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà pé, "Irin tó ń payín yìí, òun náà ló gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula One lọ́dún 1983." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n má fi ẹ̀rín pa òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí n lè fi í ránṣẹ́ sí i kó kà á tán, torí bí a bá jọ wà nínú ọkọ̀, kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Nọ́ńbà kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ihò tí písítìnì ń gbà lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì mi fẹ̀ ní mìlímítà 89. Ihò kan náà nínú ẹ́ńjìnnì tí Nelson Piquet, awakọ̀ ìje ọmọ Brazil, fi gba ife-ẹ̀yẹ yẹn fẹ̀ ní mìlímítà 89.2. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò ju mìlímítà 0.2 lọ. Ewé fílà géèjì tí mo fi ń ṣe tápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi, ìyẹn wíwọn àlàfo fáàfù, ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì tí èéfín sì ń gbà jáde, ló nípọn tó bẹ́ẹ̀. (Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tó kọ́ mi ní kí n gbé fílà géèjì wá, fìlà orí ni mo rò. Mo ti ń wá a kiri lórí ìjókòó ọkọ̀ kó tó nawọ́ sí irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ kan tó ṣù jọ bí ojú ewé ìwé.)

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fẹ́ràn láti máa sọ fún wa pé ọmọ bíbí pápá ìje ni ọkọ̀ tí wọ́n ń tà. Wọ́n á lẹ àmì kan mọ́ ọn ní ìdí, wọ́n á fi òwú pupa rán ìjókòó rẹ̀, ó parí. Ti ẹ́ńjìnnì mi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ M10, yí padà sí èyí. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ni baba. Ọkọ̀ ìje lọmọ. Odidi ogún ọdún ni baba ti wà lójú títì kí ọmọ tó dé Formula One.

Alex von Falkenhausen ló ya ẹ́ńjìnnì náà, ọmọ Munich ní Jámánì. Òun gan-an ti fi alùpùpù sáré ìje rí, ó sì tún fi mọ́tò sá a. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń kan ọkọ̀ ìje tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AFM, ìyẹn Alex von Falkenhausen Motorenbau, kó tó padà sí BMW ní 1954. Nígbà yẹn, BMW kò rí jájẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, ó kù díẹ̀ kí wọ́n fà á lé Daimler-Benz lọ́wọ́. Àwọn onípìn-ín kéékèèké ló kọ̀ jálẹ̀ ní ìpàdé, tí Herbert Quandt, oníṣòwò olówó kan, sì kó owó tirẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tí yóò yọ wọ́n nínú kòtò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ̀ tí dókítà kékeré tàbí olùkọ́ àgbà lè rà. Wọ́n gbé e jáde ní Frankfurt ní 1961, wọ́n pè é ní 1500.

Ẹ́ńjìnnì 1.3 lítà ni àwọn ọ̀gá ní kí Falkenhausen ṣe sí i. Ó ní rárá, 1.3 kò ní í pẹ́ kéré jù. Ó ṣe 1.5, ó sì ṣe é bí télọ̀ tó mọ̀ pé ọmọ yóò ga, tó ká aṣọ púpọ̀ sínú ìṣẹ́po kó lè ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú. Ihò ti 1500 àkọ́kọ́ jẹ́ mìlímítà 82. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ ẹ di 84. Wọ́n tún gbẹ́ ẹ di 89, irú èyí tó wà nínú tèmi. Irin náà ò bínú. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ irin dídà tó ki, orí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, kámú kan tó ń ṣí fáàfù ló wà lókè tí ṣéènì ń yí, béárìn márùn-ún ló sì di kíránkì, irin tí písítìnì ń yí, mú. Béárìn márùn-ún yẹn ṣe pàtàkì. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin ń lo mẹ́ta, ìyẹn ni pé kíránkì wọn láyè láti tẹ̀ díẹ̀ láàárín bí eré bá pọ̀. Ti M10 kò láyè kankan láti tẹ̀. Fún ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 80 tó fẹ́ gbé olùkọ́ àgbà lọ síbi iṣẹ́, ìdè náà ti pọ̀ jù. Èmi ò rò pé Falkenhausen ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti sáré rí, bó bá ń ya ẹ́ńjìnnì, ibòmíràn ni ọkàn rẹ̀ máa ń wà.

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán irin náà wò. Ní 1966, wọ́n gbé orí kan tí Ludwig Apfelbeck ṣe lé e, tí àwọn fáàfù rẹ̀ dorí kọra kálukú, Falkenhausen fúnra rẹ̀ sì wọ inú ọkọ̀ ìje tí wọ́n fi í sí, ó lọ fi eré rẹ̀ fọ́ àkọsílẹ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ ní pápá ìje Hockenheim. Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta ọdún! Ní 1969, wọ́n so tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi ipá rọ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, mọ́ ọn nínú BMW 2002, awakọ̀ Dieter Quester sì fi gba ife ìje ọkọ̀ ojú títì ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Formula Two, ìpele tó wà lábẹ́ Formula One, ìran ẹ́ńjìnnì náà gba ife Yúróòpù lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín 1973 sí 1982. Ẹ jẹ́ kí n fò wọ̀nyẹn kọjá, torí ibi tí mò ń lọ ni Formula One.

Òfin Formula One ìgbà yẹn sọ pé ẹ lè lo ẹ́ńjìnnì 3 lítà tó ń mí fúnra rẹ̀, tàbí 1.5 lítà tí ẹ fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí nínú. Renault ló kọ́kọ́ gbé tọ́bò wọlé ní 1977, Ferrari sì tẹ̀ lé e ní 1981, ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́fà tí wọ́n ṣe fún ìje gan-an ni àwọn méjèèjì lò. Ní Munich, Paul Rosche wo inú ilé ara rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ BMW ni Rosche, kámú ló mọ̀ ọ́n yà jù, débi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní "Nocken-Paule", bí ẹni pé Pọ́ọ̀lù Oníkámú. Ó rí i pé 1.5 lítà ni M10 jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Kí ló dé tí wọ́n yóò fi da irin tuntun?

Ó fi ihò sílẹ̀ ní 89.2, ó wá ké ìrìn písítìnì kúrú. Nínú ọkọ̀ mi, mìlímítà 71 ni písítìnì ń rìn láti ìsàlẹ̀ dókè. Nínú ti Rosche, 60 ni. Ẹ ṣírò rẹ̀, 1,499 cc ni yóò fún yín, ó wọ inú òfin rẹ́gí. Ìdí tó fi ké e kúrú ni pé bí ìrìn bá gùn tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí kíkankíkan, písítìnì yóò máa ṣẹ́rí padà lókè àti nísàlẹ̀ pẹ̀lú ipá tó lè fa kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ kíránkì, ya. Mọ́kànlá péré ni wọ́n yọ kúrò nínú ìrìn náà, ẹ́ńjìnnì tó máa ń gbin bí mo bá ti lé e kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìyípo ní ìṣẹ́jú kan wá ń lọ sí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ti dé. Nígbà tí Rosche ń wá búlọ́ọ̀kù tí yóò fi ṣe ẹ́ńjìnnì Formula One, kò lọ mú tuntun. Ògbólógbòó ló ń ṣà, irin tó ti rin ju kìlómítà 100,000 lọ nínú ọkọ̀ àwọn èèyàn. Irin tó ti lọ sọ́jà, tó ti jó nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, tí ẹnì kan ti gbàgbé pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.

Ọ̀gá mi ló la èyí yé mi. Ó ní kí n rántí igi. Bí káfíńtà bá fi igi tútù kan ilẹ̀kùn, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ilẹ̀kùn náà yóò lọ́, kò ní í pa dé mọ́. Àmọ́ igi tó ti gbẹ lójú oòrùn tó sì ti lọ́ títí tó fi ṣíwọ́ lílọ́, ẹ fi kan ilẹ̀kùn, ibi tẹ́ ẹ bá kàn án mọ́ ló máa dúró sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin dídà. Nígbà tí wọ́n bá dà á sínú yanrìn, ibi tó fẹ́lẹ́ yóò kọ́kọ́ tutù, ibi tó ki yóò tutù lẹ́yìn, wọn yóò sì máa fa ara wọn nínú. Ìfàmọ́ra yẹn ò hàn sójú, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ ihò rẹ̀ ní ìwọ̀n pípé lónìí, tí ẹ sì fi iná ńlá sí i lọ́la, yóò yí padà díẹ̀, ihò tó rí rogodo yóò di bí ẹyin. Búlọ́ọ̀kù tó ti gbóná tó sì ti tutù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọdún gbọọrọ ti bá ara rẹ̀ jà tán. Ohun tó fẹ́ yí ti yí. Ẹ wá gbẹ́ ẹ nígbà náà, yóò jókòó.

(Àwọn kan ń sọ pé wọ́n máa ń kó búlọ́ọ̀kù náà síta gbangba kí òjò pa á, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń tọ̀ sí i lára kó lè gbó. Ìtàn ìdí ife ni mo ka ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n ó dùn-ún sọ.)

N ò fẹ́ kí àbúrò mi mú mi nílẹ̀ síbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Orí ẹ́ńjìnnì ti Piquet kì í ṣe orí tèmi. Tirẹ̀ ní kámú méjì àti fáàfù mẹ́rìndínlógún, tèmi ní kámú kan àti fáàfù mẹ́jọ. Kíránkì kọ́, kọ́nrọ́ọ̀dù kọ́, písítìnì kọ́. Tọ́bò kan tó fẹ̀ bí ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, èéfín tó ń jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ń yí i bí ààjà, òun náà sì ń fi ipá rọ atẹ́gùn padà sínú rẹ̀. Irin tó gbé gbogbo wọn dúró ni a jọ ní. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń jìyà jù. Agbára ẹṣin 105 tèmi, bí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, ihò kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi 26. Ní 1983, ẹ́ńjìnnì ti Brabham, ẹgbẹ́ tí Piquet ń wa ọkọ̀ fún, ń ṣe bíi 640, ìyẹn 160 nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò kan ṣoṣo nínú tirẹ̀ ju gbogbo ọkọ̀ mi lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò dùn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Kyalami, ní Gúúsù Áfíríkà, ní oṣù Kìíní 1982, Piquet tètè sá kúrò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, Brabham tilẹ̀ gbé e tì, wọ́n padà sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, inú sì bí BMW. Nígbà tí wọ́n tún gbé e lọ sí Detroit ní oṣù Kẹfà, eré Piquet kò tó láti wọ inú ìje. Ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1981, wọ́n ní kó lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ìyẹn, ní Montreal, ẹ́ńjìnnì kan náà gbé e dé ipò kìíní. Bí nǹkan ṣe ń rí nídìí ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹni tó bá ti bá mẹkáníìkì jókòó rí á mọ̀.

Ní 1983, Gordon Murray ya ọkọ̀ tuntun fún wọn, BT52, tó tín-ín-rín níwájú bí ọfà. Ìṣòro tó kù ni kíkan. Bí ẹ bá rọ atẹ́gùn púpọ̀ sínú sìlíńdà, epo yóò gbiná ṣáájú àkókò, yóò máa fi òòlù gbá orí písítìnì títí yóò fi lu. Epo tuntun ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, epo tí toluene pọ̀ nínú rẹ̀, tí kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Piquet borí ní Monza, ó borí ní Brands Hatch. Wọ́n dé ìje ìkẹyìn, Kyalami lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá. Alain Prost nínú Renault ní àmì 57, Piquet ní 55. Tọ́bò Prost kú lójú ọ̀nà. Piquet rọra dé ipò kẹta, ó gba àmì mẹ́rin, ó di 59. Riccardo Patrese, ẹnìkejì rẹ̀, ló borí ìje náà. Awakọ̀ àkọ́kọ́ tó fi tọ́bò gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nìyẹn, ọgbọ̀nlélẹ́gbẹ̀ta ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ sáré. Sìlíńdà mẹ́rin ló ṣe é, irin tí wọ́n dà fún olùkọ́ àgbà. Renault tó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ tọ́bò dúró, ó ń wò.

Wọ́n tún fi ipá kún un lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1986, Rosche sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára kò kà kọjá 1,280, ẹ́ńjìnnì náà sì kọjá ibẹ̀. Ó fojú bù ú sí 1,400. Fún ìpele wíwá ipò nìkan ni, ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́dún yẹn kan náà, Gerhard Berger fi borí ní Mexico fún ẹgbẹ́ Benetton, ìṣẹ́gun kẹsàn-án àti ìkẹyìn tí irin náà ní. Láàárín ìgbà yẹn náà, Rosche tún gbé ìran búlọ́ọ̀kù yìí, ó gbẹ́ ihò rẹ̀ dé 93.4, ó gbé e sínú ọkọ̀ BMW M3. Láti 82! Ìṣẹ́po aṣọ Falkenhausen ò tíì tán.

Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ṣí ọkọ̀ bàbá mi láti lọ wo eyín tó ń pa. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, kí ẹ́ńjìnnì tutù bí òkúta. Ẹ ó tú ìdérí òkè, àwọn rọ́kà mẹ́jọ, apá irin tí kámú ń tì kó lè ṣí fáàfù, á sì tò síbẹ̀ nínú ọ́ìlì, wọ́n ń dán. Ní ìparí rọ́kà kọ̀ọ̀kan, irin róbótó kan wà tó ní ihò wínníwínní, nọ́ọ̀tì sípánà 10 ló dì í mú. Ẹ ó dẹ nọ́ọ̀tì náà, ẹ ó ki wáyà tí ẹ tẹ̀ ní orí bọ inú ihò yẹn, ẹ ó máa fi yí i díẹ̀díẹ̀, tí fílà géèjì yóò wà láàárín. Kò gbọdọ̀ tú jù, kò gbọdọ̀ há jù. Bó bá dọ́gba, ewé irin náà yóò jáde bí ìgbà tí ẹ ń fa bébà kúrò lábẹ́ ìwé kan tó wúwo díẹ̀. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, ojú ò lè sọ ọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá a ṣe, ó burú. Bí fáàfù ti sìlíńdà kẹrin bá ń jó pa pọ̀, tí ọ̀kan ń pa dé bí èkejì ṣe ń ṣí, ti ìkíní ni kí ẹ ṣe. Bí ti ìkejì bá ń jó, kí ẹ ṣe ti ìkẹta. Mo dà á rú, mo há fáàfù kan tí kò yẹ kí n fọwọ́ kàn. Ọkọ̀ náà gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo pe ọ̀gá mi. Ó tẹ́tí sí i látòkè fóònù, ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́? O ti fún un lọ́rùn." Ó ní fáàfù tó tú díẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, èyí tó há ló ń jóná, torí bí kò bá pa dé tán, iná yóò máa gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ó ní bí ó bá ṣì ń payín, kí n dúpẹ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo fara balẹ̀. Mo mú ewé 0.2, mo wò ó lójú oòrùn kí n tó lò ó. Mo yí kíránkì lọ́wọ́, mo ka fáàfù sókè, mo kà á padà. Ó gbà mí ní wákàtí méjì àti ààbọ̀. Mo dé e padà, mo nu ọ́ìlì lọ́wọ́, mo sítáátì rẹ̀.

Ó dákẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ tán. Kẹ kan ṣoṣo ló kù, ó ń dún lọ́nà jínjìn. Sìlíńdà kẹta ni, fáàfù ibi tí èéfín ń gbà jáde. Mo mọ̀ ọ́n. N ó tún ṣí i ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀.